Epo Pupa Lára Páàdì Bíréèkì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín. Ẹ má bínú bí ohùn mi bá ń le. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi tí inú ò bí mi, irọ́ ni mò ń pa fún yín, irọ́ sì ti ba ayé jẹ́ tó.

Mùráínà lorúkọ mi. Àpòmù ni wọ́n bí mi sí, Ìkirè ni mo ti ṣiṣẹ́ títí egungun ẹ̀yìn mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Bíréèkì niṣẹ́ mi. Mi ò tú ẹ́ńjìnnì, mi ò kun ọ̀dà, mi ò so wáyà iná. Ohun tó ń dá mọ́tò dúró nìkan ni mo mọ̀. Bí mọ́tò bá já bíréèkì, tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní "ọwọ́ ayé ni", ara mi a gbóná. Ọwọ́ ayé wo? Páàdì ti jẹ tán, irin ń họ irin, dẹ́rẹ́bà ń gbọ́ ọ, ó yí rédíò sókè. Nígbà tó wá forí sọ igi, wọ́n ní ìyá arúgbó kan tó jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ sílé ló tì í. Ẹ ò kúkú ṣe ní òṣùpá ló tì í!

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ ò gùn. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó, wò mí títí, ó ní, "Oko ò wù ọ́, ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí, àfi kó o máa sáré tẹ̀lé mọ́tò káàkiri. Ó dáa, lọ kọ́ ọ." Ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Sùlé oní-bíréèkì ní Àpòmù. Wọ́n dá ọdún fún mi, wọ́n ṣàdúrà, bàbá mi lọ. Owó tí wọ́n san ò kàn yín.

Ọ̀gá Sùlé ò ga, ṣùgbọ́n bó bá pariwo ní Àpòmù, ẹ máa rò pé ẹni tó wà ní Ìkirè ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ìṣe kan tí mi ò rí lọ́wọ́ mẹkáníìkì mìíràn: kì í pààrọ̀ páàdì ní ṣẹ́ẹ̀dì. Bó o bá gbé mọ́tò wá, á ní, "Ilé ńkọ́?" Á ní kí n kó jáàkì àti sípánà sẹ́yìn mọ́tò, ó di ilé oní-mọ́tò. Bí a bá ti yọ ẹsẹ̀ mọ́tò, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará ilé: "Ìyàwó dà? Màmá dà? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bọ̀! Ẹ wá wo ohun tó ń dá yín dúró!" Ẹni tó ń lọ ata á fi ata sílẹ̀, ẹni tó ń sùn á jí, gbogbo wọn á dúró yí wa ká.

Àwọn dẹ́rẹ́bà kan ò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀kan bi í lójú mi pé, "Ọ̀gá, èmi lẹ̀ ń bá tún mọ́tò ṣe ni àbí ìyàwó mi?" Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìwọ lò ń wà á. Àwọn ló máa sunkún. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ìwọ bá gbàgbé, ẹnì kan á rántí nínú wọn."

Iṣẹ́ páàdì píkọ́ọ̀pù ò le bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò gba wàdùwàdù. Òkúta la kọ́kọ́ fi ń há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí mọ́tò má baà yí. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ la ń dẹ̀ kí a tó fi jáàkì gbé e, torí bó bá ti wà lókè tán, ẹsẹ̀ á máa bá sípánà yí. Bí jáàkì bá gbé e tán, ìtì igi gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ẹ̀. Jáàkì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnì kankan. Bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀, ẹ máa rí dísìkì, àwo irin tó ń bá ẹsẹ̀ yí. Páàdì méjì ló há a sáàárín, bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di abọ́ mú. Dẹ́rẹ́bà á tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti páàdì, páàdì á gbá dísìkì mú, mọ́tò á dúró. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, kò sí awo kankan níbẹ̀. Ẹ fa páàdì tó ti jẹ yọ, ẹ rọra ti irin inú ẹ̀ padà, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́, ẹ ṣe tọ̀tún tòsì pọ̀. Kí mọ́tò tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ògiri ilé ẹ̀ ló máa dá a dúró.

Ọjọ́ kan wà tí Ọ̀gá gbá mi létí, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní. Mo jẹ àkàrà tán, mo nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, mo gbé páàdì tuntun. Gbàù! Kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti já páàdì gbà lọ́wọ́ mi, ó jù ú sígbó. Páàdì tuntun o! Oní-mọ́tò lanu sílẹ̀, ó ń wò wá. Ọ̀gá ní, "Mùráínà, epo àti páàdì ò gbọdọ̀ ríra. Páàdì tó bá mu epo, yíyọ̀ ló máa máa yọ̀. Ọwọ́ tí wàá fi pa èèyàn nìyẹn." Mo bínú débi pé mo fẹ́ sá padà sóko. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kí n tó fọwọ́ kan páàdì, ọṣẹ ni mo fi ń fọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá.

Mo ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, mo kọjá sí Ìkirè, mo gba àyè lẹ́bàá títì tó lọ sí Ifẹ̀. Mo mú ìṣe Ọ̀gá dání: ilé yín ni mo ń bá yín lọ. Kò pẹ́ tí SÁÀPÙ, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, fi dé, gbogbo nǹkan dojú rú. Páàdì gidi di ọ̀wọ́n gógó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó tòkunbọ̀ wá, èyí tí òyìnbó ti lò tó ti jù nù. Lẹ́yìn náà ni ayédèrú dé, páàdì tó le bí òkúta, tó ń han gooro lára dísìkì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa, ojú ò tì wọ́n, bí bíréèkì ẹ̀yìn bá ń jò, wọ́n á fi ìṣó dí páìpù ẹ̀, wọ́n á ní ó ti dáa. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, bíréèkì méjì! Jáàkì tí a ń fi gbogbo agbára apá yí tẹ́lẹ̀ di èyí tó ń fi ọ́ìlì gbéra. Irinṣẹ́ ń dára sí i, ọwọ́ tó ń lò ó ń bàjẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Kàsálì, ọmọ Alhaji Bùsàrí ní Ìkirè, ní píkọ́ọ̀pù Píjò kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa ló ń kó láti Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù, àti Wásinmi, wá fún àwọn obìnrin tó ń dín dòdò lẹ́bàá títì. Gàníyù, àbúrò rẹ̀, ló ń bá a gbé ẹrù. Kàsálì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Sìkírátù níyàwó, ọmọ Ìkòyí. Òun náà ń dín dòdò níwájú ilé ọkọ ẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ pààrọ̀ páàdì mọ́tò náà ní àgbàlá Alhaji, mo pe ará ilé bí ìṣe mi. Alhaji ní òun ń sinmi. Àwọn yòókù yọjú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Sìkírátù nìkan ló sọ agbada dòdò kalẹ̀, ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí páàdì tuntun.

"Má fọwọ́ kàn án!" Mo jágbe mọ́ ọn. "Epo wà lọ́wọ́ ẹ!"

Ó fà sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá Mùráínà. Kí ni epo máa ṣe fún un?"

"Mọ́tò ò ní dúró."

"Háà! Epo lásán?"

"Epo lásán. Ó sì máa han fún ìgbà díẹ̀ o, torí páàdì ayé ìsinsìnyí le. Ẹ fi sílẹ̀. Á dákẹ́ fúnra ẹ̀."

Ó ní òun ti gbọ́, ó padà sídìí iná. Ohun tí mo sọ yé e ju ọkọ ẹ̀ tó ni mọ́tò lọ.

Lóòótọ́, páàdì han. Bí Kàsálì bá ti ń súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń dín dòdò, ariwo á ta, àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín: "Kàsálì, kí lo ṣe fún mọ́tò ẹ tó ń sunkún báyìí? Fún un lóúnjẹ jẹ jàre!" Ojú tì í. Kò wá bá mi o, ìyẹn ló ń dùn mí. Ṣẹ́ẹ̀dì mi ò jìnnà sí ilé wọn. Ilẹ̀kùn tó bá ń dún, epo la fi ń pa á, Kàsálì sì rò pé bíréèkì náà bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú Gàníyù lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n yọ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó bu epo nínú kẹ́ẹ̀gì ìyàwó ẹ̀, ó fi pa ojú páàdì dáadáa, bí ẹni ń fi àdí para fún ọmọ jòjòló.

Sìkírátù rí wọn. Ó bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò, ó sáré tẹ̀lé wọn dé etí títì, ó ń pariwo lójú gbogbo àwọn tó ń tajà: "Ẹ má lọ o! Bí ẹ bá lọ, mọ́tò yẹn ò ní dúró o! Mo ní kò ní dúró!" Kàsálì pòṣé, ó wakọ̀ lọ.

Nígbà tí mọ́tò ṣófo, ó ṣì ń dúró díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo kún un, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nítòsí Wásinmi, lọ́rì kan dúró níwájú wọn. Kàsálì tẹ bíréèkì, bíréèkì ń yọ̀. Ó yà kúrò lọ́nà, ó forí sọ igi. Gàníyù kú lójú ẹsẹ̀. Itan Kàsálì ṣẹ́.

Kí wọ́n tó sin ọmọ náà tán, ẹnu ti kún. "Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní kò ní dúró, kò sì dúró!" Òmíràn á ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ẹ gbà mí o! Ẹ wo ibi tí wọ́n lo òwe àgbà sí! Ọmọbìnrin tó kìlọ̀ ni wọ́n sọ di ẹni tó ṣépè. Ọ̀rọ̀ tí èmi Mùráínà fi ẹnu ara mi sọ fún un ní àgbàlá wọn ni wọ́n wá gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ó sọ fún wọn pé epo ni. Wọ́n ní àjẹ́ a máa gbọ́n.

Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Sùlé, ó wá láti Àpòmù. A jọ lọ síbi tí mọ́tò wó sí, a tú páàdì. Kẹ́ẹ̀gì epo ti fọ́ nínú mọ́tò, epo wà lára gbogbo nǹkan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n epo tó kàn dà síta, pupa ló máa wà. Tojú páàdì ti dín gbẹ, ó ti dúdú, ó ń rùn bí agbada dòdò, lọ́tùn-ún àti lósì. Bíréèkì títẹ̀ ló dín in. Kí mọ́tò tó forí sọ igi ló ti wà níbẹ̀. A gbé e lọ bá Alhaji.

Ọ̀gá ní, "Epo ló pa ọmọ yín, Alhaji. Ẹ gbóòórùn ẹ̀."

"Kẹ́ẹ̀gì epo fọ́ nínú mọ́tò, ẹ wá ń fi epo hàn mí?"

"Èyí tó ti dín ni mo ní kẹ́ ẹ wò..."

"Sùlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ ni! Ẹ kó irin yín kúrò níwájú mi!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè gba Sìkírátù sílẹ̀. Mo lọ bá Kàsálì lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Wọ́n ti fi igi di itan rẹ̀. Mo ní, "Kàsálì, ta ló fi epo sí páàdì?"

Ó kọjú sí ògiri. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Kí ló máa wà bẹ́ẹ̀? Ìyàwó ẹ ni wọ́n ń pè ní àjẹ́ yìí!"

"Bí mo bá ní èmi ni, èmi ni mo pa Gàníyù nìyẹn. Ojú wo ni mo máa fi wo bàbá mi?"

"Ojú wo ni Sìkírátù máa fi wo ayé?"

Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, mi ò sì káàánú ẹ̀. Títí dòní mi ò tíì káàánú ẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n lé Sìkírátù. Wọ́n da epo rẹ̀ nù, wọ́n sọ agbada rẹ̀ sí àárín títì, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dín dòdò ń hó lé e. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣíwọ́. Mo gbé alùpùpù mi, mo so ẹrù rẹ̀ mọ́ ọn, mo gbé e lọ sí Ìkòyí. Kò sunkún lọ́nà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá ẹ̀ ló tó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Mùráínà, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́ mi náà ni mo sọ."

Ẹ sì wo ohun tí irọ́ yẹn ṣe fún iṣẹ́ mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé àgbàlá tí mo pe ará ilé, àwọn ọkùnrin nìkan ló ń jáde. Àwọn obìnrin á wà nínú yàrá, wọ́n á ní àwọn ń gbálẹ̀. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ẹni tó mọ nǹkan ṣe.

Ọdún gorí ọdún. Ọ̀gá Sùlé kú, kí Ọlọ́run forí jì í. Àwọn ológun kan lọ, òmíràn dé. Kàsálì, tó ti ń tiro, tún ra píkọ́ọ̀pù, ó sì ní ojú láti wá bá mi kí n wá pààrọ̀ páàdì. Mo lọ. Mo ti gbé mọ́tò sórí ìtì igi, mo ti yọ ẹsẹ̀, mo wá pe ìyàwó rẹ̀ tuntun. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti dá mi lóhùn: "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má pè mí. Mi ò fẹ́ mọ nǹkan kan o. Ẹni tó mọ̀ ṣáájú mi dà?"

Ara mi bù máṣọ. Mo ju sípánà sílẹ̀. Mo ní, "Kàsálì, ṣé o gbọ́? Mọ́tò yìí ò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí igi títí wàá fi sọ òótọ́ nínú ilé yìí."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé mọ́tò mi lẹ fẹ́ fi dè mí ni?"

"Mo fẹ́ fi dè ọ́! Pe ẹni tó o bá fẹ́ pè!"

Ariwo wa ló mú Alhaji jáde. Ó ti darúgbó, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí ló dé. Kàsálì wò mí, ó wo bàbá ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti dà sí. "Bàbá, èmi ni mo fi epo pa páàdì yẹn. Sìkírátù ní kí n má ṣe é. Mi ò gbọ́."

Alhaji jókòó sórí táyà tí mo yọ. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo lé jáde," ló sọ.

A jọ lọ sí Ìkòyí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sìkírátù ò lọ́kọ, ta ló fẹ́ fẹ́ àjẹ́? Oko bàbá ẹ̀ ló ń dá. Ó fún wa lómi mu, ó gbọ́ wa tán. Alhaji ṣí fìlà, ó bẹ̀ ẹ́. Sìkírátù ní, "Bàbá, ẹ má ṣí fìlà fún mi. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n inú ilé kọ́ lẹ ti pè mí ní àjẹ́, etí títì ni, lójú gbogbo ayé. Etí títì náà ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ pé n kì í ṣe àjẹ́." Alhaji ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Jímọ̀ kọjá, ó ní ara òun ò yá. Ó ní ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ààwẹ̀ parí, Alhaji kú. Kàsálì ta mọ́tò, ó kó lọ sí Èkó. Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Kò burú. Ta ló máa dá ogún ọdún náà padà fún ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́? Mo dé etí títì yẹn ṣáájú kí n tó fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn tó ń dín dòdò. Wọ́n ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ẹ ra dòdò." Mi ò rà á.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bó bá wù yín, ẹ kọ́ iṣẹ́ bíréèkì. Iṣẹ́ rere ni, kò sì lè tán láyé. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ iṣẹ́ mi kẹ́ ẹ fi èyí sílẹ̀. Alhaji ò sọ ọ́, Kàsálì sá. Èmi ni mo tú páàdì yẹn pẹ̀lú ọwọ́ mi, mo gbóòórùn ẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é. Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ̀yin ará Àpòmù, ẹ̀yin tí ẹ hó lé e àti ẹ̀yin ọmọ wọn, mò ń sọ ọ́ lójú yín báyìí, ní ohùn rara: Sìkírátù ọmọ Ìkòyí kì í ṣe àjẹ́.